Lábẹ́ Agboorùn Onídìrí

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, tí ó ń tì mí lójú báyìí. Mo máa ń wí pé kò sí ohun tí ènìyàn lè yà ní Alímọ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀, Alímọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama, ibẹ̀ náà ni mo sì padà sí nígbà tí mo gboyè nínú ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá tán ní yunifásítì. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn ní ọdún 2006, iye tí wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa ju 1,200,000 lọ, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó tí èrò inú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo èrò yìí, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìdímù dé Ìgándò, ojú mi kò rí ẹyọ ẹnì kan tí ó yẹ kí n ya fọ́tò rẹ̀.

Iṣẹ́ ìkọ̀wé ni mo fi ń jẹun. Mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú fíìmù, mo ń kọ àròkọ, mo sì ń bá àwọn tí ó fẹ́ sọ ìtàn ẹbí wọn di ìwé ṣiṣẹ́. Owó fíìmù mẹ́ta ni mo kó jọ tí mo fi ra Canon tòkunbọ̀ kan pẹ̀lú lẹ́ńsì kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jí ní ìdájí ọjọ́ Sátidé, tí mo ń wọ dánfó láti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ọ̀ṣọ́dì, kí n tó tún wọ òmíràn lọ sí Ọbáléńdé. Mo ya Afárá Third Mainland nígbà tí oòrùn ń yọ. Mo ya ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Mákòókó. Mo ya àwọn ilé àtijọ́ tí ó kù ní Pópó Àgùdà. Nígbà tí mo bá délé, tí mo gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ àwọn àwòrán tí àwọn ẹlòmíràn ti yà, n kì í lè mọ èyí tí ó jẹ́ tèmi nínú wọn. Mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìdíje mẹ́rin. N kò gbọ́ èsì kankan.

Kì í ṣe ọgbọ́n ni ó dá mi padà sílé, ìṣirò owó ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà epo kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ₦500 ní Èkó. Owó ọkọ̀ tí mo ń ná lọ sí Erékùṣù àti àbọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé kan, mo rí i pé owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ni n ó máa gbé fún dírẹ́bà dánfó ní gbogbo Sátidé. Mo gbé kámẹ́rà sínú dúrọ́ọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi wà níbẹ̀, mo tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí iye tí wọn yóò rà á lọ́wọ́ mi.

Àwórì ni ó tẹ agbègbè wa dó. Ìtàn tí àwọn àgbà wọn ń sọ ni pé nígbà tí Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, àwo kan ni ó ń léfòó lórí omi níwájú rẹ̀, ibi tí àwo náà bá sì ti rì ni kí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí. Àwo rì ní Ìṣẹ̀rí. "Àwo rì" yìí ni wọ́n ní ó di Àwórì. Mo ti mọ ìtàn náà tipẹ́, mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò rí pàápàá. Ìgbà tí kámẹ́rà mi wà nínú dúrọ́ọ̀ ni ó tó yé mi pé Ọlọ́fin kọ́ ni ó yan ibi tí ó gbé. Ó dé ibi tí àwo dúró sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ibẹ̀. Àwo tèmi náà ti rì sí Ẹ̀gbẹ́dá.

Mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn. Mo ti ka nípa Akinbode Akinbiyi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Oxford ní ọdún 1946, tí ó fi Berlin ṣe ibùgbé, tí ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rin ìgboro Èkó àti ti àwọn ìlú ńlá mìíràn pẹ̀lú kámẹ́rà onífíìmù. Ní ọdún 2020, ilé ìṣàfihàn ńlá Gropius Bau ní Berlin pàtẹ àwọn iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ nínú ìtàn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ lọ. Mo rò pé bí mo bá ṣáà ti ń rìn, àwòrán yóò máa wá. Mo rìn dé Ìyànà Ìpájà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo gba Ìdímù lọ sí ọjà Ìkòtún, ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo dé iwájú ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgándò. Ohun tí mo ń mú bọ̀ kò dára. Dánfó, èrò wìtìwìtì, ẹrẹ̀, wáyà iná tí ó lọ́ mọ́ra wọn: ohun tí ẹni tí kò dé Èkó rí ti ń fojú sọ́nà fún ni mo ń yà. Bí mo bá fẹ́ ra ẹja ní Ìkòtún, mo mọ ìyá tí mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, mo mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, mo sì mọ bí a ṣe ń ná an tí kì í fi í bínú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé kámẹ́rà sójú, gbogbo èyí a fò lọ, ìyá ẹlẹ́ja mi a sì di obìnrin ọlọ́jà kan lásán. Akinbiyi ń rìn jẹ́jẹ́. Èmi ń sáré.

Ní ìkángun òpópónà wa, ìyá onídìrí kan wà tí ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Agboorùn ńlá aláwọ̀ pupa àti búlúù ni ó máa ń ta sí ẹ̀gbẹ́ títì, ìsọ̀ onípákó kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ ra káàdì, mo rí i bí ó ti tẹ̀ lé orí oníbàárà rẹ̀. Oòrùn gba ara agboorùn kọjá, ó kun ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ní pupa. Mo dúró ní òdìkejì títì, mo yà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì bá tèmi lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo gbé ọ̀kan sórí Instagram.

Àwòrán náà rìn ju gbogbo èyí tí mo ti yà rí lọ. Àwọn ayàwòrán tí mo ń bọ̀wọ̀ fún yìn ín, wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń rìn jìnnà ni ó ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ mí. Ẹnì kan fi àmì sí ibi tí ìró ìyá náà ti ya. Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé, "Ìṣẹ́ ń ṣẹ́ àwọn èèyàn yìí o." Ẹnì kẹta bèèrè ìdí tí ayàwòrán kò fi ta kámẹ́rà rẹ̀ kí ó fi ra bàtà fún un. Mo kà á, ara mi kò gbà á, síbẹ̀ n kò yọ àwòrán náà kúrò. Kí n má purọ́ fún yín, iye àwọn tí ó ń wò ó ń dùn mọ́ mi nínú.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ń kọjá lọ, mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí oníkámẹ́rà."

Mo yíjú, mo kúnlẹ̀ kí i. Ìyá tí ó ti dàgbà tó ìyá mi kì í fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, nítorí náà mo ti mọ̀ pé ìkíni kọ́.

"Ọmọ iṣẹ́ mi fi nǹkan kan hàn mí lórí fóònù. Mo wò ó, mo rí ara mi. Ta ni ó ní kí o gbé mi síbẹ̀?"

N kò rí èsì fọ̀.

"Mo ní aṣọ," ni ó wí. "Léèsì mi ń bẹ nílé, àǹkárá mi ń bẹ nílé. Ìró iṣẹ́ ni mo ró wá síbi iṣẹ́. Bí o bá fẹ́ yà mí, ṣé o kò lẹ́nu tí o fi lè sọ pé, 'Màmá, mo fẹ́ yà yín'? Mo mọ ìyá rẹ. Èmi ni mo dirun fún ọ nígbà tí o ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi."

Mo yọ àwòrán náà kúrò kí n tó wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti gbé e lọ sí ojú ìwé tiwọn, n kò sì lágbára lórí ìyẹn. Ní alẹ́, mo ròyìn fún ìyá mi. Mo rò pé yóò gbè mí.

"Ṣé o kí i kí o tó yà á?" ni ìbéèrè rẹ̀.

"Màmá, mo ti yọ ọ́ kúrò."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn. Ṣé o kí i?"

"Rárá, mà."

"Ẹni tí o ń kí ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá. Ọjọ́ tí o gbé kámẹ́rà ni o kò wá kí i mọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ bá a, kí ojú yín kojú."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ kúnlẹ̀ lábẹ́ agboorùn náà. Mo ní kí ó forí jì mí, mo sì sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an, títí kan bí iye àwọn tí ó ń wò ó ṣe dùn mọ́ mi. Ó jẹ́ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó ṣí fìlà tí mo dé.

"Irun orí rẹ yìí, ta ni o fi í sílẹ̀ fún?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Gbé báàgì yẹn sílẹ̀. Jókòó."

Bí mo ṣe jókòó sórí àpótí nìyẹn, tí orí mi wà láàárín orúnkún rẹ̀, tí kámẹ́rà sì wà nínú báàgì lábẹ́ ìsọ̀. Ó ní òwú ni òun yóò fi kó irun náà, nítorí pé àwọn ọmọdé ìwòyí kò fẹ́ òwú mọ́, ọwọ́ òun sì fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ó tó wákàtí mẹ́ta. Fóònù mi kú ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́. Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n máa wo ohun tí ó wà níwájú mi lọ.

Láti ìsàlẹ̀ níbẹ̀, òpópónà tí mo ti ń rìn fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kì í ṣe èyí tí mo mọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo ń rí: bàtà akẹ́kọ̀ọ́, sálúbàtà alárù tí a fi wáyà so, táyà kẹ̀kẹ́ Máruwá tí ń fọ́n omi àná. Ọmọdé kan wá ra òwú, ojú rẹ̀ àti tèmi sì dọ́gba, ó wò mí pẹ̀lú ìyọ́nú bí ẹni tí ó mọ bí orí ṣe ń dunni. Mo gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń fi eyín já òwú. Mo mọ̀ ọ́n lára bí ó ṣe ń fi àtàǹpàkò wọn àlàfo orí kí ó tó la irun, láìlo dígí, láìlo ohunkóhun. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago mẹ́rin, oòrùn yọ ojú láàárín ilé alájà méjì tí ó wà ní òdìkejì, ó fi tààrà bọ́ sórí ìkòkò omi rẹ̀, omi náà sì gbé ìmọ́lẹ̀ jó lórí agboorùn. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ ní ojoojúmọ́, mo sì ti ń gba ibẹ̀ kọjá lọ wọ dánfó.

Orúkọ ọ̀gá kan ni ó sọ sí mi lọ́kàn níbẹ̀, J. D. 'Okhai Ojeikere. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i ní abúlé kan ní apá ibi tí ó di ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ní ọdún 1950 ó ra kámẹ́rà Brownie kan; ní ọdún 1954 ó wọ iṣẹ́ ní ẹ̀ka ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn, nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò; ní ọdún 1963 ó dé Èkó. Nígbà tí ó di ọdún 1968, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin. Ó ń yà á ní títì, ó ń yà á ní ibi iṣẹ́ àti ní òde àríyá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn orí ni ó ń yà, kí iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí lè hàn kedere. Kí ó tó kú ní ọdún 2014, àwòrán irun tí ó ti yà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n sì ti pàtẹ wọn ní Paris àti Venice. Kò wá ohun àrà kan lọ sí ibi tí ó jìnnà. Ohun tí gbogbo ayé ń kọjá lára rẹ̀ ni ó dúró tì, ó sì tún padà sídìí rẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Mo bi ìyá náà léèrè bóyá ó mọ irun tí wọ́n ń pè ní Onílé Gogoro, nítorí ó wà lára èyí tí Ojeikere yà. Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

"Ṣé èyí tí mo fi kọ́ṣẹ́? Nígbà tí ilé gogoro bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Èkó ni àwa náà gbé e lé orí. Ohun tí a bá rí ni a ń dì. Ogun tán, a di Ogun Parí. Kí lo rò pé à ń wò? Títì yìí náà ni."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò létí mi di òní. Àwọn onídìrí wo ìlú, wọ́n sì kó o sórí. Ayàwòrán wo orí, ó sì gbé e sínú fíìmù. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó dúró kí ìmísí sọ̀ kalẹ̀ láti òkè.

Bí a ṣe wà níbẹ̀, bàbá arúgbó kan ń kọjá, ó sì ké pè é: "Táyé o!" Ó dáhùn. Èmi tí mo ti ń pè é ní Ìyá Onídìrí láti ìgbà èwe mi kò mọ̀ pé ìbejì ni. Láìronú, mo ní, "Kẹ́hìndé ń kọ́, mà?" Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí mi. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bojú wo inú ìsọ̀, lókè dígí.

Fọ́tò dúdú àti funfun kan wà níbẹ̀ nínú férémù, ó ti ń pọ́n létí. Ọmọbìnrin kékeré méjì jókòó lórí àga, aṣọ kan náà, ọwọ́ lórí itan, wọ́n ń wo iwájú tààrà. Mo wò ó fún ìgbà pípẹ́ kí n tó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó la àárín rẹ̀ kọjá. Ọmọ kan ṣoṣo ni.

Mo ti kà nípa irú fọ́tò yìí ní yunifásítì, n kò sì rí ọ̀kan rí lójúkorojú. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tí ó jẹ́ ayàwòrán àti olùwádìí, lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún ní ọdún 1975, ó sì kọ ohun tí ó rí síbẹ̀ jáde ní ọdún 1978 nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts. Ó ṣàlàyé bí àwọn Yorùbá ṣe ń jókòó fún fọ́tò: aṣọ iyì, ojú síwájú, ọwọ́ lórí orúnkún, kí ènìyàn lè hàn bí ẹni tí ó jẹ́ gan-an láwùjọ. Ó tún ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, oní-fọ́tò lè ya èyí tí ó wà láàyè ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó sì tẹ méjèèjì sórí ìwé kan ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní àwọn ilé kan, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe láyé àtijọ́.

"Oṣù mẹ́jọ ni ó ní nígbà tí ó lọ," ni ìyá náà wí. "N kò mọ ojú rẹ̀. Ojú mi ni wọ́n fi ṣe tirẹ̀. Bàbá wa ni ó ra aṣọ yẹn. Nígbà tí oní-fọ́tò yà mí ní ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n gbé mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún mi múra, wọ́n sì tún gbé mi sórí àga, kí ó lè jẹ́ pé òun náà jókòó."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó irun mi. N kò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n tún múra fún nítorí òkú ọmọ oṣù mẹ́jọ ni mo dúró ní òdìkejì títì tí mo yà láìkí i, tí mo sì gbé ìró rẹ̀ tí ó ya fún ayé wò. Mo ti ń wí pé ayé ojoojúmọ́ kún fún àwòrán. Òótọ́ ni. Ohun tí n kò rí ni pé ayé ojoojúmọ́ ní olóhun.

Nígbà tí ó parí, ó kọ̀, kò gba owó. Ó ní kí n padà wá ní Sátidé, òun yóò ti múra.

Ó múra lóòótọ́. Léèsì aláwọ̀ wúrà, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀, bàtà. Ó jókòó lábẹ́ agboorùn, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó wò mí tààrà bí ọmọ inú fọ́tò yẹn. Nínú ọkàn mi, mo ń wí pé èyí kọ́ ni mo ń wá, fọ́tò ìdúró-wòmí ni. Mo yà á bí ó ṣe fẹ́. Kí n tó wò ó tán, oníbàárà kan dé, ó ní òun ń lọ sí òde ní ìrọ̀lẹ́, kí Màmá jọ̀ọ́. Ìyá náà dìde, ó ró ìró iṣẹ́ rẹ̀ lé orí léèsì, ó tẹ gèlè sẹ́yìn, ó fi òwú sẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó rí mi tí mo dúró.

"Kí lo ń wò?" ni ó fi ẹnu tí òwú wà sọ. "Yà á."

Láti ọjọ́ náà, mo ti jókòó lábẹ́ agboorùn yẹn ní ọ̀sán tí ó ju ogójì lọ. N kì í gbé kámẹ́rà jáde ní wákàtí àkọ́kọ́. Mo ń ra omi, mo ń bá wọn ká òwú, mo ń gbọ́ ìròyìn àdúgbò. Bí aago mẹ́rin bá ń súnmọ́lé, gbogbo wa ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbé ìkòkò omi sí ipò rẹ̀ fún mi báyìí. Ohun kan náà ni mo ń yà, kò sì sí ọjọ́ méjì tí ó jọra. Mo ti padà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja mi ní Ìkòtún pẹ̀lú, mo sì bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀: mo kí i, mo ra ẹja, mo bèèrè ọmọ rẹ̀. Ó ku kí n yà á. A ó dé ibẹ̀.

Àdéhùn kan wà láàárín èmi àti Ìyá Onídìrí: kò sí àwòrán rẹ̀ tí yóò jáde láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ rí i. Àdéhùn yìí ti ná mi ní nǹkan. Nínú gbogbo ohun tí mo ti yà láyé mi, èyí tí ó dára jù ni ti ọ̀sán kan tí oorun gbé e lọ lórí ìjókòó, tí àgbọ̀n rẹ̀ wà láyà, tí òwú dúdú kan ṣì rọ̀ láàárín ìka rẹ̀. Mo fi hàn án. Ó wò ó, ó ní rárá. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní rárá. Ìdíje kan ṣí ní oṣù náà, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé àwòrán yẹn lè gbà á. N kò fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ àròkọ yìí, ó ní mo lè fi ẹnu sọ ọ́, kí n má ṣáà fi hàn, kí n má sì dárúkọ òun. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.

Bí ẹnìkan nínú ẹ̀yin tí ń kà mí bá ní kámẹ́rà tàbí fóònù, tí ó sì ń ṣàròyé pé àdúgbò òun kò ní ohun tí ó ṣeé yà, n kò ní ìmọ̀ràn ńlá fún un. Kí ó wá ibì kan tí ó ti ń kọjá láti ọdún pípẹ́, kí ó kí àwọn tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì jókòó. Bí wọ́n bá ní kí ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó gbé e sílẹ̀.

Ní oṣù tí ó kọjá, mo tẹ àwòrán méjì jáde ní ìsọ̀ oní-fọ́tò kan ní Ìkòtún, mo sì gbé wọn lọ fún un nínú férémù. Ọ̀kan ni èyí tí ó wọ léèsì. Èkejì ni ti ọwọ́ rẹ̀ nìkan, tí oòrùn aago mẹ́rin kùn ní pupa àti búlúù. Ó gba ti léèsì, ó wò ó, ó ní gèlè òun wọ́ díẹ̀ sí òsì, kí n ti sọ fún òun. Ó gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò òun àti Kẹ́hìndé. Lẹ́yìn náà ó mú ti ọwọ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì dá a padà fún mi.

"Máa mú ìyẹn lọ, ọmọ mi," ni ó wí. "Ọwọ́ mi ni. Mo ń rí i lójoojúmọ́."